Férémù Ẹ̀yìn Ilé Màlúù Prosser

Ọjọ́rú, 9 Ṣẹ́rẹ́ 1985

Yìnyín bo ọ̀nà títí dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. A sin Idris Prosser lọ́sàn-án òní. Àwọn àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ wa, èmi nìkan ni mo lọ, mo sì jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ máa ń jókòó sí.

Nígbà tí a ń mu tíì nínú gbọ̀ngàn, Gwen, ìyàwó rẹ̀, wá bá mi. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí bú ni. Búrẹ́dì ló gbé lé mi lọ́wọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Tilsley, ẹ jẹun. Ẹ ti rù."

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ìyáàfin Prosser."

"Ẹ ṣeun. Mo ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ. Onílẹ̀ fẹ́ gba oko rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Wọ́n á ti lu gbogbo ẹrù wa ní gbàǹjo kó tó dìgbà náà. Irin yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé màlúù. Ẹ wá sọ ohun tó jẹ́ fún mi."

"Mo ti sọ ọ́ nígbà kan."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Ẹ wá tún un sọ lójú mi, nísinsìnyí tí kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín."

Mo jẹ búrẹ́dì náà tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Ṣẹ́rẹ́

Omi dì nínú páìpù. Mo fi ìyẹn ṣe àwáwí, mi ò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ṣẹ́rẹ́

Mo lọ sí Blaencwm, oko Prosser. Ọkọ̀ mi ò lè gun òkè tó kẹ́yìn, mo bá fẹsẹ̀ rìn.

Ohun tí mo rí kọ́kọ́ ni adìyẹ. Wọ́n to pákó sórí irin náà, férémù tó dà bí egungun ọkọ̀, láti orí dé ìdí, àwọn adìyẹ sì bà sórí rẹ̀ bí àwọn olóyè tó ń gbẹ́jọ́. Gwen fi ìgbálẹ̀ lé wọn.

"Idris ló to pákó sí i," ló wí. "Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá gba ibí kọjá tó rí i tí òun ń nu irin, wọ́n á tún fi òun kọrin. Ilé adìyẹ ò ní orin nínú."

"Ó bọ́gbọ́n mu."

"Àmọ́ lọ́dọọdún, tí mo bá lọ sọ́jà ní Kington, ó máa ń kó pákó náà kúrò, á fi gíríìsì pa irin yẹn, á tún tò ó padà. Ó rò pé mi ò mọ̀. Ọkùnrin tí mo ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ pa á. Lábẹ́ imí adìyẹ àti gíríìsì, irin náà ṣì le. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ti lu ihò sí i lára kó lè fúyẹ́: ihò ńlá láàárín, tí ó ń kéré bọ̀ sí ìpẹ̀kun méjèèjì bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Mo fi ìka ka àwọn ihò náà, lẹ́yìn náà mo tún wọn kà.

"Ṣé ọmọlanke ni?" Gwen bi mí.

Mo ní ó yẹ kí n nu ún mọ́ kí n tó lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ nu ún. Dilwyn onírin ti wá wò ó. Ó ní òun á fi iná gé e sí mẹ́rin, kó lè wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ òun."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Ṣẹ́rẹ́

Ìgbà mẹ́ta ni mo ti lọ. Bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin, kẹrosíìnì, àkísà. Ìka ọwọ́ mi ò fẹ́ tẹ̀ mọ́.

Lónìí ni mo dé ibi tí mò ń fi ẹ̀rù sún síwájú. Lára irin apá òsì, níbi tí apá awakọ̀ yóò dé, ihò mẹ́rin wà fún ìdè ọ̀pá bíréèkì, ojú wọn sì ti dán nítorí lílò. Mo nu apá ọ̀tún títí irin fi funfun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọn ò dá ihò lu sí i rí.

Òsì. Bí Idris ṣe wí gẹ́lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó dúró létí ọ̀nà Òkè Garrow, tí Noel Garbett fi Tansy, ọkọ̀ ìdíje tó tò fúnra rẹ̀, gun òkè kọjá níwájú rẹ̀. Ó rí ohun tó rí.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Èrèlé

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú fọ́tò Garbett nínú Tansy jáde, mo gbé e sórí tábìlì.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ìtàn àwọn ọkọ̀ àtòpọ̀ ní agbègbè yìí, àwọn ọkọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń fi férémù ọ̀kan àti ẹ́ńjìnnì òmíràn tò jọ lẹ́yìn ilé bàbá wọn. Garbett kú lójú ogun, kò fi ọmọ sílẹ̀, Tansy sì pòórá. Nígbà tí Lionel Haverstock, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́, ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní 1958, èmi ni mo wò ó, tí mo wo fọ́tò yìí, tí mo ní Tansy ni. Nínú fọ́tò, bíréèkì wà lápá ọ̀tún. Ti Lionel náà wà lápá ọ̀tún. Ó parí.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni Idris dé. Ó ti rí férémù kan nínú àgọ́ tó wó níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ó yá lọ́rì, ó gbé e wá sórí òkè lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń fi ọkọ̀ díje gun òkè, ó sì wọ tái nítorí wa. Mo gbé fọ́tò sókè lójú gbogbo èèyàn.

"Bíréèkì Garbett wà lápá ọ̀tún, Prosser. Tìrẹ wà lósì. Ọmọlanke katakata lo gbé wá fún wa."

"Mo dúró síbẹ̀ ní kékeré, ọ̀gá. Ọwọ́ òsì ló fi fà á."

"Ọmọdé máa ń gbàgbé. Fọ́tò kì í gbàgbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ló ti di Prosser Ọmọlanke, ní ilé ọtí, ní ọjà màlúù, níbi gbogbo. Àwọn ọmọ iléèwé mi pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá wọn wí.

Bí ó bá jẹ́ pé mo ṣìṣe ni, ǹ bá lè sùn. Ṣùgbọ́n ní 1963, mo ń wo fọ́tò náà fún iṣẹ́ mìíràn, ni ojú mi bọ́ sára kóòtù Garbett. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà lápá òsì, bíi ti obìnrin. Ẹni tó tẹ fọ́tò náà ti yí gíláàsì tí àwòrán wà lára rẹ̀ sódì. Òsì ti di ọ̀tún, ọ̀tún ti di òsì. Lẹ́yìn náà mo da fọ́tò náà padà sínú àpótí, mo sì lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Látìn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré tó nìyẹn. N kò jà, n kò sunkún. Iyì ara mi ni mò ń ṣọ́, mo sì jẹ́ kí ọkùnrin kan san án fún mi títí ó fi kú.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Èrèlé

Mo lọ kí Lionel. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti burú sí i. Ìgò afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí. Síbẹ̀ inú gáréèjì ló wà, nínú ọkọ̀ rẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ó ti tó ọdún méjì tí kò wà á mọ́. Ó kàn máa ń jókòó sínú rẹ̀ ni.

"Wọlé, Aubrey. Ojú ẹ dà bíi ti ajá tó jí ẹran jẹ."

"Òtútù ni."

"Òtútù kì í mú ajá wo ilẹ̀ báyẹn."

Mo ní mo fẹ́ wọn àwọn ihò ara férémù rẹ̀ nítorí àpilẹ̀kọ kan. Irọ́ nìyẹn. Mo dùbúlẹ̀ sórí pálí lábẹ́ ọkọ̀ náà, òun sì ń sọ̀rọ̀ lókè orí mi, ó ń sọ ọjọ́ tí òun fi gba ife ẹ̀yẹ ní 1966, tí òjò ń rọ̀, tí gbogbo wọn yọ̀ sínú kòtò àfi Tansy. "Ọmọ dáadáa ni," ló ń wí, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni."

Gbogbo ihò ti Blaencwm ló bá ìwọ̀n íǹṣì mu, gẹ́gẹ́ bí gbogbo irinṣẹ́ ilẹ̀ yìí láyé Garbett. Ti Lionel, mìlímítà ni gbogbo wọn, géérégé, kò sí ọ̀kan tó yà. Ẹni tó tà á fún un sọ fún mi nígbà náà pé láti Jẹ́mánì lòun ti kó irinṣẹ́ òun bọ̀ lẹ́yìn ogun. Ó sọ ọ́ lójú ara mi. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni, mi ò rò ó pé òun ló lu àwọn ihò wọ̀nyẹn.

"Ṣó bá a mu?" Lionel béèrè.

Mo ní mo nílò láti ṣírò rẹ̀ ná.

Ọjọ́bọ̀, 14 Èrèlé

Àpò èédú kan ti lé ní pọ́ọ̀nù mẹ́fà. Mo ń wọ kóòtù jókòó nínú ilé.

Ọjọ́bọ̀, 21 Èrèlé

Mo sọ fún Lionel. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ tú dànù lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn náà ó ní, "O ti mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Ti mìlímítà, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ti fọ́tò, láti 1963."

"Mo gba ife ní 1966. O wà níbẹ̀. Ìwọ lo gbé e fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Ó fi ẹnu rọ́bà ìgò afẹ́fẹ́ símú, ó mí, ó yọ ọ́. "Orúkọ ń tẹ̀lé férémù. Ìwọ lo kọ́ gbogbo wa. Ẹ́ńjìnnì lè yí, ara lè yí, férémù ló ni orúkọ. Tí ti Prosser bá jẹ́ Tansy, kí wá ni èmi ń wà láti ọjọ́ yìí?"

Mo ń di bọ́tìnnì kóòtù mi.

"Aubrey, gbọ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí. Dókítà ò ṣèlérí ẹ̀ẹ̀rùn fún mi. Ṣé o ò lè jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ ná?"

"Wọ́n á lu ẹrù Prosser ní gbàǹjo lóṣù tó ń bọ̀. Onírin á gé e."

"Jẹ́ kó gé e. Irin ni. Èmi èèyàn ni."

Mo ní màá rò ó. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà. Mo rò pé ó fẹ́ dárí jì mí. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn dáadáa, pé atẹ́gùn ń wọlé.

Ọjọ́rú, 27 Èrèlé

Mò ń rò ó. Lóòótọ́ irin ni. Lóòótọ́ èèyàn ni Lionel. Ṣùgbọ́n Idris náà, èèyàn ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Ẹrẹ́nà

Mo rí ọgbọ́n kan ta, ọgbọ́n ojo. Màá ra férémù náà fúnra mi kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé, màá gbé e pamọ́ títí Lionel yóò fi lọ. Kò sẹ́ni tí yóò farapa. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Gwen.

"Ẹ jẹ́ kí n rà á, Ìyáàfin Prosser. Màá san ju ti Dilwyn lọ."

Ó ń bó ànàmọ́. Kò gbójú sókè. "Kí lẹ fẹ́ fi ọmọlanke ṣe? Ẹ ò ní katakata. Adìyẹ kan ṣoṣo, ẹ ò ní."

"Ó wù mí ni."

"Ó wù yín." Ó ju ànàmọ́ sínú omi. "Ọ̀gbẹ́ni Tilsley, ilé yìí ni mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Mo mọ bí ojú èèyàn ṣe ń rí tó bá fẹ́ fi súìtì dí mi lẹ́nu."

Mo jókòó láìjẹ́ pé ó ní kí n jókòó.

"Tansy ni," mo wí.

"Mo mọ̀ pé Tansy ni. Idris mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá ẹ̀yin mọ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fọ́tò, bọ́tìnnì, ọdún. Ó fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó lọ dúró lójú fèrèsé.

"Láti ọjọ́ yẹn, kò dé orí òkè náà mọ́. Àmọ́ tí ìdíje bá ń lọ, ibí yìí ló máa ń dúró sí, á ṣí fèrèsé. Èèyàn máa ń gbọ́ wọn láti òdìkejì àfonífojì. Ó máa ń fi ìró dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. 'Ti Haverstock nìyẹn, Gwen. Ó ń lọ dáadáa lónìí.' Kò bínú sí i. Ẹ gbọ́? Ó máa ń dunnú bí ó bá lọ dáadáa."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ẹ má bẹ̀ mí. Èmi kọ́ lẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò sì ní ta irin yẹn fún yín. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tí ẹ sọ ti àkọ́kọ́ fún."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ẹrẹ́nà

Àwọn awakùsà padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ọdún kan, wọn ò rí nǹkan kan gbà. Mo rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń tò lọ. Orí gbogbo wọn wà lókè. N kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Ẹrẹ́nà

Oúnjẹ alẹ́ ọdọọdún ti ẹgbẹ́. Lionel wà ní ilé ìwòsàn ní Hereford láti ọjọ́ Ajé. Mo kọ̀wé sí i pé mò ń lọ sọ ọ́. Kò fèsì.

Lẹ́yìn oúnjẹ mo dìde. Gbogbo wọn rò pé mo fẹ́ sọ ìtàn àtijọ́ tí mo máa ń sọ, wọ́n sì fẹ̀yìn ti ìjókòó láti gbádùn. Mo ní mo ṣi Tansy mọ̀ ní 1958. Mo ní mo fi fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sódì dójú ti olóòótọ́ èèyàn ní 1961. Mo ní mo mọ òtítọ́ ní 1963, mo sì pa á mọ́. Mo ní Tansy gidi wà lábẹ́ àwọn adìyẹ ní Blaencwm.

Mo ń retí ohun tó tọ́ sí mi.

Giles Renwick, akọ̀wé wa, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí kò tíì pé ogójì, fò dìde. "Ìròyìn ayọ̀ ńlá nìyí, ọ̀gá. Tansy ò kú!" Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Mo jẹ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

"Ṣùgbọ́n Prosser," mo wí, "ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Prosser?"

Giles wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà wo ẹlòmíràn. "Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí. "Ta ni Prosser?"

Gbogbo ará ẹgbẹ́ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ti kú. Mo wo gbogbo ojú yíká tábìlì, kò ku ọ̀kan nínú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Ẹrẹ́nà

Mo pe Gwen lórí tẹlifóònù.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n béèrè pé ta ni."

"Ibẹ̀ nìkan kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ọ́," ló wí. "Àwọn tó pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ṣì wà láàyè. Ẹ wá sí gbàǹjo."

Ọjọ́bọ̀, 21 Ẹrẹ́nà

Òjò wínníwínní láti òwúrọ̀. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Gbogbo ohun ìní Prosser wà nínú pápá ní ìlà-ìlà: garawa wàrà, ohun ìtúlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ. Nǹkan máa ń kéré nígbà tí wọ́n bá gbé e síta. Gwen wọ kóòtù ìsìnkú rẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ àfonífojì náà ló wà níbẹ̀, Giles àti àwọn ará ẹgbẹ́ mélòó kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú bàtà tí kò yẹ ẹrẹ̀.

Wọ́n dé ẹ̀yìn ilé màlúù. Alugbàǹjo gun orí kẹ̀kẹ́ ẹrù. "Irin àlòkù, ẹyọ kan."

Trefor Bufton, tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, pariwo láti ẹ̀yìn: "Ọmọlanke Prosser rèé o. Ẹ fi adìyẹ sí i." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu ni.

"Ẹ dúró," Gwen wí. "Ọkùnrin yìí lọ́rọ̀."

Wọ́n fà mí gun orí kẹ̀kẹ́. Mo wo ojú wọn, mo sì sọ ọ́ ní èdè tó rọrùn. Mo ní, "Kì í ṣe ọmọlanke. Ọkọ̀ Tansy ti Noel Garbett ni. Idris Prosser rí i, ó dá a mọ̀, ó sọ òtítọ́. Èmi ni mo ṣìṣe. Nígbà tí mo sì mọ̀ pé mo ṣìṣe, mo dákẹ́ fún ọdún méjìlélógún."

Trefor sún síwájú. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé mo ti ń pe ọkùnrin yẹn ní Ọmọlanke láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, lórí irọ́?"

"Lórí irọ́ mi."

"Mo pè é bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kú." Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. "Lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé mò ń pa á lẹ́rìn-ín."

Trefor ṣí fìlà rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ sí i lórí. Àwọn yòókù ṣí tiwọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Giles ló rà á, ní iye tó mú kí Dilwyn onírin tutọ́ sílẹ̀. Gwen kò wo ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Mo dúró tì í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

"Ó ti tó," ló wí. "Ẹ máa lọ sílé, Ọ̀gbẹ́ni Tilsley. Ẹsẹ̀ yín ti tutù."

Ọjọ́ Àìkú, 24 Ẹrẹ́nà

Ilé ìwòsàn ní Hereford. Nọ́ọ̀sì ní kí n má pẹ́.

Lionel ti kéré lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò kí mi, kò sì ní kí n jáde. Mo jókòó.

"Ta ló rà á?"

"Renwick."

"Á ti ẹ́ńjìnnì tí kò yẹ bọ̀ ọ́ nínú." Ó mí, ó tún mí. "Wọ́n ní o wàásù lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò dúró dè mí."

"N kò dúró."

Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé àyà.

"Èyí tó wà nínú gáréèjì mi," ló wí. "Tó bá jẹ́ pé kì í ṣe Tansy, kí ni? Sọ fún mi. Ìwọ lo máa ń mọ̀."

Gbogbo ayé mi ni àwọn èèyàn ti ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ lọ́wọ́ òfo rí. Ìdáhùn mẹ́ta wá sí mi lẹ́nu, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ì bá tù ú nínú. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni ọ̀kankan nínú wọn.

"Mi ò mọ̀, Lionel."

Ó yí orí sí mi. "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ rí. Tún un sọ."

"Mi ò mọ̀."

Ó mi orí, bí ẹni tó gba ohun tó béèrè, tí kò sì wúlò fún un mọ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri. Mo jókòó títí nọ́ọ̀sì fi wá fa aṣọ ìkélé yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká.